Okùn Tí Mo Dẹ fún Àgbọ̀nrín

Ní ọdún tí wọ́n fa àsíá àwọn Faransé sọ̀kalẹ̀ ní Kétu, tí wọ́n sì fa tiwa gòkè, ọkọ mi di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń lọ sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Ó ní tí iṣu tuntun bá jáde, òun á ti dé. Iṣu jáde, a wà á, a jẹ ẹ́ tán, a tún gbin òmíràn. Kò dé. Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń sáré kiri, ọmọ ọwọ́ kan tó wà lẹ́yìn mi, bàbá ọkọ mi tí ojú rẹ̀ ti fọ́, àti oko ẹ̀wà kan ní ìhà Odomẹ̀ta, níbi tí oko àwọn èèyàn ti tán tí igbó ti bẹ̀rẹ̀.

Oko ẹ̀wà yẹn ni a ń wò. Omi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, kànga jìn, ohun tí òjò bá fún wa la fi ń gbin nǹkan. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, èèyàn á dúró lẹ́bàá oko rẹ̀ á kàn máa wò ó. Òjò rọ̀ lọ́dún náà. Ẹ̀wà hù, ó bo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Mo débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a pé wọ́n ti jẹ orí rẹ̀ lọ láti etí igbó, ó mọ́ féfé bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ. Ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín wà lórí ebè, ó là sí méjì, ó mú lẹ́nu.

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo obìnrin máa ń ṣe. Mo ri igi mọ́lẹ̀, mo fi àkísà wọ̀ ọ́ kí ó dà bí èèyàn. Mo so agolo mọ́ okùn kí afẹ́fẹ́ máa lù ú. Mo jó ata gbígbẹ létí igbó lálẹ́ títí ọmọ ẹ̀yìn mi fi ń wúkọ́. Nígbà tí mo padà lọ, ìgbẹ́ àgbọ̀nrín ni mo bá nídìí agolo. Ó ti sọ ibẹ̀ di ilé ara rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ni ọdẹ ilé wa. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é, torí ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa gbé e kọ́ èjìká kọjá láàárín ọjà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ dúró de ẹran kan tó ń jẹ oko wa run."

Ó ní, "Ta ni yóò ra ẹ̀tù tí mo máa yìn?"

Mo ní oko ilé ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ó ní òun á wò ó. Nígbà tó wá, ó jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lára rẹ̀ lọ sínú igbó, ó fín tábà, ó wúkọ́, ó tún fín òmíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́ ìró ìbọn nílé. Inú mi dùn, mo gbé ìkòkò kaná. Igi ló bà. Ó wọlé, ó jókòó sídìí oúnjẹ mi, ó ní, "Ẹran yẹn kì í ṣe ẹran lásán. Mo rí ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Ó jẹun tán, ó ní kí n bu sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba tuntun ní kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn lọ gba ìwé rẹ̀ ní Kétu. Ó ní òun kò ní lọ tọrọ ìwé fún ohun tí bàbá òun fi lé òun lọ́wọ́. Ó gbé ìbọn sí àjà, ó jókòó sílé. Ẹ̀wà mi ń lọ.

Bàbá ọkọ mi ló bá mi sọ̀rọ̀. Ọdẹ ńlá ni nígbà kan. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀, á máa fọwọ́ lọ́ okùn, á máa fetí wo gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Mo gbé ẹ̀kọ mímu fún un lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jókòó.

"Ìyàwó, ẹran yẹn, ibo ló ń sùn?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Lọ wò ó. Má wo ibi tó ti jẹun, ó ti kúrò níbẹ̀. Wá ibi tó ń sùn àti ọ̀nà tó ń gbà wá."

Mi ò rò pé ó yẹ kí obìnrin máa tọ ẹsẹ̀ ẹran wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n mo lọ, torí kò sí ẹlòmíràn tó ní kí n ṣe ohunkóhun. Mo tẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà kọjá òkìtì ọ̀gán kan, mo gba abẹ́ ìtàkùn, mo dé ibi kan tí koríko ti tẹ́ balẹ̀ lábẹ́ igi ṣúúrú. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi. Mo ti ń bínú sí ẹran yẹn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rò ó rí pé ó ní ibùsùn.

Mo padà wá sọ fún Bàbá. Ó bi mí léèrè bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó, ṣé ó gba abẹ́ igi tàbí ó gba gbangba, ṣé ẹsẹ̀ tó ń lọ pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lọ. Ohun tí n kò mọ̀, ó ní kí n padà lọ wò. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín fún mi, bí ẹni ń mú aṣọ jáde nínú àpótí kan lẹ́yìn òmíràn.

Ó ní ìbọn dára tí ẹni tó mú un bá lè jókòó jẹ́ẹ́, mo sì ti rí ti ọmọ òun. Ó ní wọ́n máa ń fi iná yí igbó ká, kí ẹran sá jáde sọ́wọ́ àwọn tó ń dúró, ṣùgbọ́n iná kò mọ oko ẹni tó ràn án yàtọ̀ sí oko ẹlòmíràn. Ó ní ajá dára, mi ò sì ní ajá, àti pé ajá tó bá lé ẹran gba inú ẹ̀wà kọjá, ẹ̀wà náà ló máa pa. Ó ní kòtò ló ń mú ẹran ńlá jù, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni lè já sí i. Ó na okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Okùn ló kù fún ọ. Okùn kì í sùn, kì í fín tábà."

Mo ní, "Bàbá, ṣé obìnrin máa ń dẹ okùn ní ilé yìí?"

Ó ní, "Rárá. Ṣé ọkùnrin tó ń bọ́ ọ ní ilé yìí, o rí i?"

Àgbàlá ni ó ti kọ́ mi. Ó ní kí n gbẹ́ ihò kékeré kan, kí n fi igi wẹ́wẹ́ dábùú ẹnu rẹ̀, kí n fi ewé bò ó, kí n sì ká okùn yí i ká. Ó ní kí n tẹ igi tútù kan kí n so okùn mọ́ ọn lórí, kí ó lè ta sókè tí ẹsẹ̀ bá ti wọ ihò. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n fa òun lọ síbẹ̀. Ó ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò mú un. Ó ní igi náà kò tíì tẹ̀ tó. Mo tún un ṣe, ó tún ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí okùn náà mú un, tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tó fi jókòó lulẹ̀ gbì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde ní ojú tí kò ríran yẹn. Ìgbà yẹn nìkan ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni kó o máa dẹ, má dẹ ọrùn. Ẹsẹ̀ ń jẹ́ kó o mọ ohun tó o mú kó o tó pa á. Tí kì í bá ṣe ohun tó o ń wá, tú u sílẹ̀."

Okùn ọ̀gbọ́ tó fọwọ́ lọ́ fún mi ni mo kọ́kọ́ lò. Àgbọ̀nrín náà wọ̀ ọ́, ó sì já a lọ. Ní ọjọ́ ọjà, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Kétu, mo gbé abọ́ ẹ̀wà kan fún un, ó fún mi ní okùn bíréèkì àtijọ́. Mo fi ewé igbó pa á lára títí òórùn ọ̀rá fi kúrò. Bàbá fọwọ́ wò ó. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní, "Èyí kì í já." Mo rò pé ó ń yìn ín ni.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo bá a. Abo ni. Okùn ti gbá a mú lẹ́sẹ̀ iwájú, ó ti fi ara rẹ̀ yí igi náà ká títí koríko fi tán níbẹ̀. Nígbà tó rí mi, kò jà mọ́. Ó dúró, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmì funfun ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí ọmú rẹ̀. Ó wú, wàrà ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Ọmọ tèmi wà lẹ́yìn mi, ó ń sùn, aṣọ mi sì tutù níbi tí omi ọyàn ti ń jáde. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Bàbá ti ní tí kì í bá ṣe ohun tí mo ń wá, kí n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá nìyẹn. Òun ló jẹ ẹ̀wà mi, kí ó lè rí wàrà fún ọmọ rẹ̀. Mo mú kùmọ̀. N kò mọ ibi tó yẹ kí n lù, nítorí náà kò kú kíákíá. Ọmọ ẹ̀yìn mi jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo sì ń lù.

Mo kó ewé ẹ̀gẹ́ bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, mo rù ú wálé. Bàbá gbé ọwọ́ lé e láti orí dé ìrù. Nígbà tó dé ibi ọmú, ó mú ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé bàbá ọkọ rẹ ló dẹ ẹ́."

"Bàbá, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

"Wọ́n á gbà á. Kò ní wù wọ́n láti gba èkejì gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé ọwọ́ ọdẹ àgbà ti padà bọ̀ sípò, pé ó ń jókòó sílé, ẹran ń wá bá a. Àwọn ọdẹ wá kí i, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n sì gba orí àti apá tó tọ́ sí wọn. Èmi ni mo gbé omi fún wọn. Kò sí ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ léèrè bí ọkùnrin tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀ ṣe dé etí Odomẹ̀ta. A jẹ ẹran, ọmọ mi rí ọyàn mu, ẹ̀wà tó kù sì so. Mo tún mú òmíràn, akọ, àti ẹtu kan lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ilé wa kò mọ ebi.

Àbúrò ọkọ mi kò bá wa yọ̀. Ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹnì kan ń rìn fún un. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń tẹ̀ lé mi lókèèrè. N kò lè ní kí ó padà. Láti ìgbà náà, tí mo bá dé ìdí okùn, ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń bá, irun, àti okùn tí ẹnì kan ti tún dẹ padà dáadáa, ó dára ju bí mo ṣe ń dẹ ẹ́ lọ. Ó ń jí ṣáájú mi. Ó gba ọ̀nà tí mo fi ọ̀pọ̀ àárọ̀ wá, ó jókòó lé e.

Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, bí ó ti yẹ. Mo ní, "Ọkọ mi, okùn yẹn, èmi ni mo dẹ ẹ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Okùn wo? Ṣé obìnrin ilé yìí ń dọdẹ ni? Kí n lọ bi àwọn ọdẹ bóyá wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ rí?"

Bàbá pe ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n gbọ́ tẹnu mi. Wọn kò ní mo parọ́, kò tilẹ̀ sí ẹni tó yà lẹ́nu. Wọ́n ní ilẹ̀ ni ti ilé, ẹran orí ilẹ̀ ni ti ilé, ọkùnrin tó wà nílé ló sì ń mú nǹkan ilé. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé wọn kò mú ọ̀rọ̀ náà lọ síta. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá jókòó.

Ọkọ mi tó lọ sí Nàìjíríà dé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wà nídìí odó nígbà tí ọmọbìnrin mi sáré wọlé, ó ní ọkùnrin kan wà níta tó ń pe orúkọ òun. Ó sanra, ó wọ bàtà. Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọdé sí mi, oyún wà nínú rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí wọn kò sọ òtítọ́ fún. N kò bínú sí i nígbà yẹn, n kò sì bínú sí i títí di òní. Ọkọ mi ní, "Ìyáálé, àbúrò rẹ nìyí." Ó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ọ̀nà.

Àbúrò rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà, òun á wá ẹran ìyàwó. Ó jáde, ó sì gbé akọ àgbọ̀nrín ńlá kan wọlé. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí okùn bíréèkì ti wọ ẹran lára wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí iwájú mi pé kí n sè é, torí èmi ni ìyáálé. Mo ti gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ pé àwọn ì bá kọ̀. Mo sè é. Mo fi ata sí i, mo fi iyọ̀ sí i, ó dùn, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ọkọ mi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò sùn dáadáa ní ilẹ̀ òkèèrè, àfi nígbà tí òun bá rántí pé ọkùnrin kan wà nílé tó ń bá òun bọ́ àwọn ọmọ òun. Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní kò tó nǹkan.

Bàbá gbójú sókè níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ló bọ́ wọn. Òun ló pa ẹran. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Àwọn kan dá ọwọ́ dúró lórí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó lálàá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti dàgbà." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìgbà wo ló ti ń sọ irú èyí?"

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní òtítọ́ ni, wọ́n á sọ pé mo ń dójú ti ọkọ mi níwájú ìyàwó tuntun. Tí mo bá ní kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ti pa Bàbá lẹ́nu mọ́. Mo ní, "Òtítọ́ ló sọ." Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ọkọ mi dìde. Kò bá mi jà. Ó ní kí n lọ bu omi wá fún àlejò, àwọn èèyàn sì ń jẹun lọ. Mo ti rò pé tí mo bá sọ ọ́ síta, nǹkan kan á ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e ni Bàbá kú. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ kó tó lọ, bí kò ṣe èmi, kìkì nípa omi àti oúnjẹ.

Kò pẹ́ tí okùn bíréèkì fi gba gbogbo ìlú. Àbúrò ọkọ mi kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí dé Okpomẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọrùn ni wọ́n ń dẹ, torí ó yá, èèyàn kò sì ní láti lọ wò ó lójoojúmọ́. Ẹran tó bá kú sínú rẹ̀ tí wọn kò tètè dé ibẹ̀, ó jẹrà síbẹ̀. Wọ́n ń kó ẹran sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnu bodè, ẹran gbígbẹ, ẹran tútù. Kí ọmọ ẹ̀yìn mi tó wọ lékọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé ìwé, kò sí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kankan mọ́ lórí ebè mi. Mo kórè ẹ̀wà mi láìsí ohun tó jẹ ẹ́. Mo máa ń dúró létí igbó yẹn nígbà míì, mo máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nìkan.

Mo kúrò nílé ọkọ mi nígbà tí ọmọbìnrin mi dàgbà tó láti lọ́kọ. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kétu ni mo lọ, mo ń ta ẹ̀wà sísè. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ mí kí n padà.

Ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi ní kí n lọ, torí ẹnu èèyàn. Mo lọ. Mo jókòó sáàárín àwọn ìyàwó ilé, a ń fọ abọ́. Àwọn ọdẹ dúró lẹ́bàá òkú rẹ̀, wọ́n ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí irun rẹ̀ ti funfun, ní nígbà tí ìbọn kò ṣeé gbé mọ́, ọkùnrin yìí ló jókòó, tó ronú, tó la ọ̀nà tuntun, ọ̀nà okùn, fún gbogbo ọdẹ ilẹ̀ wa. Wọ́n pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mọ̀ mí. Ó rọra bi mí pé, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé òun ló pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìí tán?"

Mo ní, "Òun àti àwọn ọdẹ tó dúró yẹn." Mo nu ọwọ́ mi, mo dìde, n kò dúró jẹun.